Àjíǹde Ijó Àtijọ́ ní Amẹ́ríkà

Mowo kò jìnnà sí Badagry, èbúté tí a ti kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹrú lọ sí Brazil àti àwọn ilẹ̀ mìíràn ní ìhà Amẹ́ríkà. Àwọn tí a kó lẹ́rú láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kò lọ lọ́wọ́ òfo. Igbá àti awọ ni wọ́n fi ṣe báńjò àkọ́kọ́ lọ́hùn-ún; àwọn ni wọ́n sì ń ta gòjé òyìnbó lóde ijó àwọn olówó wọn, tí wọ́n ń pe ìṣísẹ̀ fún àwọn oníjó.

Ní ọdún 1926, Henry Ford, oníṣẹ́ ọkọ̀, tẹ ìwé jáde láti jí ijó àtijọ́ náà dìde, nítorí pé ó kórìíra orin jazz. Ogún òyìnbó ni ó kà á sí.

Ní ọdún 2005, àwọn aláwọ̀ dúdú tí ń ta báńjò pé jọ ní Boone, North Carolina. Àwọn ọ̀dọ́ mẹ́ta kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Joe Thompson, arúgbó atagòjé. Ẹgbẹ́ wọn, Carolina Chocolate Drops, gba ẹ̀bùn Grammy ní ọdún 2011.

Àṣà tí a bá jí dìde láì dárúkọ àwọn tí ó ṣẹ̀dá rẹ̀, àjíǹde rẹ̀ kò tíì pé.