Ìdánwò Fọ́nrán Ewéko fún Ìtẹ́ Ẹyẹ Àtọwọ́dá

Ìtẹ́ ẹyẹ àtọwọ́dá ni èyí tí ọmọ ènìyàn kọ́ fún ẹyẹ tí kò rí ibi yé sí mọ́, pàápàá lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gé àwọn igi ńlá oníhò lulẹ̀. Pákó, sìmẹ́ńtì tàbí ike ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe é. Èyí tí a ń sọ níbí ni ti fọ́nrán ewéko: èèpo àgbọn, ìko, ihá tàbí fọ́nrán inú igi ọ̀gẹ̀dẹ̀, tí a pò mọ́ amọ̀ tàbí ṣítáàṣì ẹ̀gẹ́, tí a tẹ̀, tí a sì sá títí ó fi le.

Ohun èlò yìí kò wọ́n ní àyíká Ọjà Àlàbá, ọjà ẹ̀rọ oníná ní Èkó, láti Ọ̀jọ́ àti Ìbà dé Okokomaiko. Àgbọn pọ̀ lójú ọ̀nà Èkó sí Àgbádárìgì, bí wọ́n bá sì ti yọ ọmọ inú rẹ̀ tán, ọ̀pọ̀ èèpo náà di ohun ìdáná tàbí ìdọ̀tí. Àwọn ẹyẹ ibẹ̀ pàápàá mọ iṣẹ́ fọ́nrán dunjú. Akọ ẹ̀ga a máa fi ẹnu ya imọ̀ ọ̀pẹ tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, a sì hun ún di ìtẹ́ tí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kọjú sílẹ̀. Nicholas àti Elsie Collias, tọkọtaya onímọ̀ ará Amẹ́ríkà tí wọ́n gbé ìwádìí wọn lórí ẹ̀ga jáde ní 1962 àti 1964, rí i pé nǹkan bíi 300 fọ́nrán ló ń bá ìtẹ́ kan lọ. Wọ́n tún rí i pé abo kì í fẹ́ ìtẹ́ tí àwọ̀ ewé rẹ̀ ti ṣá. Akọ a tú u ká, a sì hun òmíràn.

Nítorí náà, ẹ̀ga kò nílò ìtẹ́ tí a kọ́ fún un. Ọ̀pẹ àti koríko ló nílò. Bẹ́ẹ̀ náà ni Malimbus ibadanensis, ẹyẹ ahunṣọ tí onímọ̀ ẹyẹ Elgood kọ́kọ́ ṣàpèjúwe ní 1958, tí kò sí níbòmíràn ju ìwọ̀ oòrùn gúúsù Nàìjíríà lọ: igbó ni kí a dá sí fún un. Àwọn tí ìtẹ́ àtọwọ́dá tọ́ sí ni àwọn tó ń yé sínú ihò igi, bíi odídẹrẹ́ àti òwìwí. Ní Gúúsù Áfíríkà, wọ́n ti ń gbé irú ìtẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́ fún ìbátan àkàlàmàgbò lẹ́bàá ọgbà Kruger.

Orílẹ̀-èdè kan náà ni ẹ̀kọ́ tó lágbára jù ti wá. Wọ́n kó òkìtì ìgbẹ́ ẹyẹ tí àwọn pẹ́ńgúìnì ń gbẹ́ ihò sí lọ ṣe ajílẹ̀. Nígbà tí wọ́n wá fi fáíbágíláàsì ṣe ilé fún wọn, ilé náà le koko, ṣùgbọ́n ooru inú rẹ̀ pọ̀ jù. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí ẹnikẹ́ni fi agbára nìkan díwọ̀n ohun èlò.

Ooru ni kí a kọ́kọ́ wò: tẹmọ́mítà kan nínú ìtẹ́, òmíràn níta, láti òwúrọ̀ títí dé alẹ́. Omi ló tẹ̀ lé e. Ìlànà ASTM D570, tí wọ́n fi ń wọn omi tí ohun èlò ń fà, ní kí a gbẹ ègé ohun èlò náà, kí a wọ̀n ọ́n, kí a rì í sómi fún wákàtí 24, kí a sì tún un wọ̀n. Ní Èkó, tí òjò máa ń le jù ní oṣù kẹfà, ìdánwò yìí lè já àdàpọ̀ oníṣítáàṣì kulẹ̀. Èèpo àgbọn ní tirẹ̀ kì í tètè jẹrà, nítorí lignin rẹ̀, èròjà tó ń mú igi le, pọ̀. Bí a bá fi sódà tàbí omi eérú, irú èyí tí wọ́n fi ń se ọṣẹ dúdú, fọ fọ́nrán, ìdà ara rẹ̀ á ṣí, á sì lẹ̀ mọ́ àdàpọ̀ dáadáa. A gbọ́dọ̀ ṣan án tán kí ẹyẹ tó fara kàn án.

Òṣùwọ̀n oníná àti tẹmọ́mítà tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ kì í ṣe ohun tí a ń wá títí ní Àlàbá. Ohun tí kò yẹ kí a mú níbẹ̀ ni fóòmù funfun inú páálí tẹlifíṣọ̀n. Ó fúyẹ́, kì í sì í jẹ́ kí ooru wọlé, ṣùgbọ́n ẹyẹ á máa ṣá a jẹ, èérún rẹ̀ á sì dé inú ọ̀sà.

Ìdánwò tó kẹ́yìn wà lọ́wọ́ ẹyẹ. A ó gbé ti fọ́nrán àti ti pákó sórí igi kí àsìkò ìyé tó dé, a ó sì máa ka ẹyin àti ọmọ tó fò jáde. Ó kéré tán, ọdún méjì ni kí a fi ṣe é, nítorí fọ́nrán tó la òjò àkọ́kọ́ já lè di oúnjẹ ikán kí èkejì tó rọ̀.