Ẹyẹ Kan, Orúkọ Méjì: Bí Abo Ẹyẹ Ṣe Di Àdììtú

Ẹyẹ kì í fi apá kan fò. Òwe àwọn àgbà wa ni, ṣùgbọ́n ìmọ̀ nípa ẹyẹ fi apá kan fò fún ìgbà pípẹ́. Akọ ni wọ́n fi ń ṣe àpèjúwe, akọ ni wọ́n ń wò kí wọ́n tó fún ẹyẹ lórúkọ, akọ náà ló pọ̀ jù nílé ìṣẹ̀ǹbáyé. Abájọ tó fi jẹ́ pé lónìí, bí ẹnì kan bá gbé fọ́tò ẹyẹ tí àwọ̀ rẹ̀ ò tàn síwájú wa, tó ní ká dárúkọ rẹ̀, a máa ń wo ara wa lójú ni. Èyí tó dán, kíá la ti dá a mọ̀. Àbí irọ́ ni?

Ẹ jẹ́ ká fi ẹyẹ akọrin kan ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí. Apá ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà àti Kánádà ló ti ń pamọ, kò sì wúwo ju nǹkan bíi gíráàmù 10 lọ. Black-throated Blue Warbler ni wọ́n ń pè é, ìyẹn ẹyẹ kékeré aláwọ̀ búlúù tí ọ̀fun rẹ̀ dúdú. Ẹ ò rí i pé akọ nìkan ni orúkọ yẹn bá mu? Ẹ̀yìn akọ dà bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú aró, ọ̀fun rẹ̀ dúdú, ikùn rẹ̀ funfun. Ẹ̀yìn abo dà bí ewé tó ti ń gbẹ, ikùn rẹ̀ sì ní àwọ̀ ìyeyè tó ti ṣá. Nígbà tí Johann Friedrich Gmelin, ará Jámánì, fún ẹyẹ náà lórúkọ Látìn ní 1789, caerulescens ló pè é, tó túmọ̀ sí "èyí tó ń di búlúù". Abo ò tún sí níbẹ̀.

Alexander Wilson dé Amẹ́ríkà láti Scotland ní 1794. Ahunṣọ ni kó tó kúrò nílé, ó sì tún ń kéwì. Òun ló kọ American Ornithology, ìwé ńlá onídìpọ̀ mẹ́sàn-án tó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní 1808. Wilson mọ akọ ẹyẹ wa yìí, ó sì fi í síwèé. Ṣùgbọ́n nínú àbàtà tó ṣókùnkùn lábẹ́ igi páìnì lórí òkè, ó tún rí ẹyẹ kékeré kan. Ó wò ó títí, kò jọ èyí tó ti mọ̀. Ó pè é ní Pine Swamp Warbler, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ bí ẹyẹ tuntun.

Ẹyẹ tuntun kọ́. Ìyàwó ti àkọ́kọ́ ni.

Nígbà tó kan John James Audubon, ohun kan náà ló ṣẹlẹ̀. Àwòrán 435 ló wà nínú The Birds of America, tó jáde láàárín 1827 sí 1838. Àwòrán 148 ni Pine Swamp Warbler, àwòrán 155 ni Black-throated Blue Warbler. Òǹkàwé ò lè fura pé ẹyẹ kan náà ni. Àwọn onímọ̀ tó dé lẹ́yìn wọn ló so méjèèjì pọ̀, tí orúkọ Pine Swamp Warbler fi parẹ́.

Ká má tètè fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ o. Ìbọn ni wọ́n fi ń mú ẹyẹ láyé ìgbà yẹn, òkú ẹyẹ sì ni wọ́n ń tẹ́ sórí tábìlì. Òkú ẹyẹ ò lè sọ ẹni tó fẹ́. Ìdí ìtẹ́ ni èèyàn ti lè rí tọkọtaya náà pọ̀ dáadáa, ìtẹ́ wọn sì máa ń wà nísàlẹ̀, nínú igbó kéékèèké tó dí. Abo nìkan ló ń sàba lé ẹyin. Ká ní ó dán bí ọkọ rẹ̀ ni, ọ̀tá á tètè rí i. Àwọ̀ tó ń dáàbò bo òun àtọmọ rẹ̀ gan-an ló sọ ọ́ di àjèjì nínú ìwé.

Ṣùgbọ́n ojú àwa èèyàn náà lẹ́bi, torí ohun tó dán lojú ń wá. Ní 2019, Natalie Cooper àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Natural History Museum ní London gbé ìwádìí kan jáde lórí ẹyẹ àti ẹranko tí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ńláńlá márùn-ún kó pa mọ́. Nínú ẹyẹ 100, 40 ló jẹ́ abo. Tó bá wá kan àwọn ẹyẹ tí wọ́n gbé orúkọ lé lórí, tí gbogbo ayé fi ń ṣe òdiwọ̀n, abo ò ju 27 nínú 100 lọ.

Orin ńkọ́? Ó pẹ́ tí wọ́n ti ń sọ pé akọ ló ń kọrin, pé abo kàn ń gbọ́ ni. Ní 2014, Karan Odom àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé irú ẹyẹ akọrin 323 yẹ̀ wò. Ìdá 71 nínú 100 wọn ni abo ti ń kọrin. A ò kàn tẹ́tí sí i ni.

Ọ̀kan lára àwọn tó là wá lójú ni Roger Tory Peterson. Ní 1934, ó tẹ ẹ̀dà 2,000 A Field Guide to the Birds jáde, ìwé tó ṣe é mú lọ sínú igbó. Ọgbọ́n rẹ̀ ni pé ó ń fi ìlà kékeré tọ́ka sí ibi pàtó tó yẹ ká wò lára ẹyẹ. Lára abo ẹyẹ wa yìí, apá ni ká wò. Àmì funfun kékeré kan wà níbẹ̀, bí ìgbà téèyàn ki áńkáṣíìfù sápò tí etí rẹ̀ yọ síta. Akọ náà ní i. Ìlà funfun tẹ́ẹ́rẹ́ tún wà lókè ojú abo. Àmì tó so tọkọtaya náà pọ̀ ti wà lára wọn látọjọ́ Wilson. Àwọ̀ ló gba ojú àwọn tó ń wò wọ́n.

Àwa tá a ní fóònù lọ́wọ́ wá ní ohun tí Wilson ò ní. Ẹyẹ á dúró jẹ́ẹ́ nínú fọ́tò, a ó sì sún un mọ́jú títí a ó fi rí àmì apá. Merlin, áàpù tí Cornell Lab of Ornithology ṣe, á tilẹ̀ dábàá orúkọ fún wa. Síbẹ̀, fọ́tò náà máa ń purọ́. Ẹyẹ tó bà sábẹ́ ewé tútù lè dà bí aláwọ̀ ewé. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ lè mú kó pọ́n. Nítorí náà, àwọ̀ ni ká bi kẹ́yìn. Ẹ kọ́kọ́ wo àgógó ẹnu rẹ̀: ṣé ó tẹ́ẹ́rẹ́ bíi ti ẹyẹ tó ń jẹ kòkòrò, àbí ó ki bíi ti èyí tó ń jẹ ọkà? Ẹ wo òkè ojú, ẹ wo apá, ẹ wo ìrù. Ẹ bèèrè ibi tí wọ́n ti ya fọ́tò náà àti oṣù tí wọ́n yà á. Ẹ má sì torí pé àwọ̀ ò tàn sọ pé abo ni, torí nínú ọ̀pọ̀ irú ẹyẹ, ọ̀dọ́ akọ máa ń jọ ìyá rẹ̀.

Ẹnì kan lè ní kí ni gbogbo èyí já mọ́. Ó já mọ́ nǹkan o. Nígbà òtútù, ẹyẹ yìí máa ń fò lọ sí Cuba, Jàmáíkà, Haiti àti Puerto Rico. Ní Puerto Rico, àwọn olùwádìí rí i pé akọ àti abo kì í sábà gbé ibì kan náà lásìkò yẹn: akọ pọ̀ nínú igbó tó ga, abo pọ̀ nínú igbó kéékèèké lórí òkè. Bí ẹni tó ń ka ẹyẹ bá mọ akọ nìkan, á ní ẹyẹ ò sí lórí òkè. Wọ́n lè gé igbó abo tán, kí ìwé ṣì máa sọ pé kò séwu. Àwọn akọ tó bá kù, ta ni yóò yé ẹyin fún wọn?

Nílé wa níbí náà, ẹ wo ẹ̀gà. Gbogbo wa la mọ akọ rẹ̀: ara ìyeyè, orí dúdú, ariwo lórí ọ̀pẹ látàárọ̀. Abo ò ní orí dúdú yẹn, ẹlòmíì á sì rò pé ológoṣẹ́ ni. Bẹ́ẹ̀, akọ ló ń hun ìtẹ́, àmọ́ abo ló ń wọlé yẹ̀ ẹ́ wò. Bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, á bá tiẹ̀ lọ, akọ á sì tú ìtẹ́ náà ká, á tún òmíràn hun. Ta wá ni ọ̀gá níbẹ̀?

Nítorí náà, tẹ́ ẹ bá tún dúró lábẹ́ ọ̀pẹ pẹ̀lú fóònù, ẹ ya èyí tó dán, kẹ́ ẹ sì ya èyí tí kò dán. Ẹ kọ ọjọ́ àti ibẹ̀ sí i. Ẹ má pa á rẹ́ torí pé kò rẹwà tó. Pine Swamp Warbler kan ti tó.