Ìtọ́jú Koríko Iwájú Ilé Nígbà Òjò Àrọ̀kúrò

Ìtọ́jú koríko nígbà òjò àrọ̀kúrò ni iṣẹ́ tí onílé ń ṣe láti oṣù Ọwẹ́wẹ̀ títí dé ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Bélú, kí koríko àgbàlá lè la ọ̀gbẹlẹ̀ já. Ó kan Mowé àti Ìbàfò ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódé, lẹ́bàá òpópónà Èkó sí Ìbàdàn, àti Ìfọ̀ ní ọ̀nà Èkó sí Abẹ́òkúta. Àwọn tó ń ti Èkó wá kọ́lé ti sọ ọ̀pọ̀ oko ibẹ̀ di àdúgbò.

Àkókò
Àkọ́rọ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù Ẹrẹ́nà. Òjò a sinmi díẹ̀ ní oṣù Ògún, àrọ̀kúrò a sì dé ní Ọwẹ́wẹ̀ àti Ọ̀wàrà. Láàárín Bélú, òjò ti wọ́n. Ọyẹ́ ló kù. Gbòǹgbò tí koríko bá ta nígbà àrọ̀kúrò ló máa fi wá omi títí àkọ́rọ̀ mìíràn. Ìgbà àrọ̀kúrò náà ló yẹ kí a da ajílẹ̀, nítorí èyí tí a bá dà lé ilẹ̀ gbígbẹ lè jó ewé.

Irú koríko
Axonopus compressus, tí àwọn olùtọ́jú ọgbà ń pè ní carpet grass, ní ewé fífẹ̀. Ó fara da ibòji, ṣùgbọ́n ọ̀gbẹlẹ̀ tètè mú un. Cynodon dactylon, ìyẹn Bahama grass, fẹ́ oòrùn gan-an. Ewé rẹ̀ tín-ín-rín, gbòǹgbò rẹ̀ jìn, ó sì lè gbẹ lójú títí òjò yóò fi jí i.

Ìmúrasílẹ̀
Yanrìn, òkúta wẹ́wẹ́ àti sìmẹ́ǹtì tí àwọn bíríkìlà fi sílẹ̀ máa ń sé ilẹ̀ ilé tuntun mọ́ gbòǹgbò. Ẹ kọ́kọ́ ṣà wọ́n kúrò, kí ẹ sì fi fọ́ọ̀kì oko gún ilẹ̀ kí afẹ́fẹ́ àti omi lè wọlé.

Lẹ́yìn náà, ẹ tu imí eṣú, gbági àti patanmọ́ tigbòǹgbò-tigbòǹgbò kí wọ́n tó so. Koríko ẹ̀kan ni kí ẹ wa jinlẹ̀ jù, nítorí èyí tó bá ṣẹ́kù sínú ilẹ̀ yóò tún hù.

Nígbà tí ilẹ̀ bá tutù, ẹ da ìgbẹ́ adìẹ tó ti jẹrà dáadáa sí i, tàbí NPK 15:15:15, nǹkan bí gíráàmù 30 fún mítà kan níbùú àti lóròó. Ojú ilẹ̀ tó bá pá, ẹ fi ìtàkùn koríko gbìn ín ní àlàfo sẹ̀ǹtímítà 15.

Gígé àti omi
Ẹ má gé ju ìdá kan nínú mẹ́ta ewé lọ lẹ́ẹ̀kan. Kí carpet grass ga tó sẹ̀ǹtímítà 5. Nítorí ìbẹ̀rù ejò, àwọn kan ń fi àdá fá gbogbo rẹ̀, wọ́n ń fín oògùn apakoríko sí i, tàbí kí wọ́n dáná sun ún. Koríko kúkúrú kì í pèsè ibùba fún ejò, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ìhòòhò ń gbé eruku sókè nígbà ọyẹ́, àkọ́rọ̀ a sì wọ́ ọ lọ sínú gọ́tà. Nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, ẹ bomi rin ín ní òwúrọ̀, kí omi wọlé jinlẹ̀, lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Omi díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́ ń mú gbòǹgbò dúró lójú ilẹ̀, níbi tí oòrùn ti tètè ń gbẹ ẹ́.