Eku Tó Ń Tẹ Irin

Ẹ̀rọ ló kọ́kọ́ há. Ní Harvard ni, nílùú Cambridge lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1930. Eku kan wà nínú àpótí, ó ń tẹ irin kékeré kan tó yọ lára ògiri. Tó bá tẹ̀ ẹ́, hóró oúnjẹ kan á já bọ́ sínú àwo. Ó tẹ̀, ó jẹ. Ó tẹ̀, ó jẹ. Àfi bí oúnjẹ ṣe há sínú ẹ̀rọ tí nǹkan kan ò já bọ́ mọ́. Ẹni tó ni àpótí ò sì sí níbẹ̀.

B. F. Skinner lorúkọ ẹni náà. Wọ́n bí i ní 1904 ní Susquehanna, ìpínlẹ̀ Pennsylvania. Èdè àti lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló kà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, òǹkọ̀wé ló sì fẹ́ dà. Ó gbìyànjú ẹ̀, kò bọ́ sí i. (Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ ìtàn sórí fóònù, ẹ má jẹ́ kíyẹn bà yín lẹ́rù o.) Ní 1928 ló wọ Harvard láti kẹ́kọ̀ọ́ nípa ìhùwàsí. Ọwọ́ ẹ̀ dá ṣáṣá nídìí irinṣẹ́: òun fúnra ẹ̀ ló ń kan àpótí tó ń lò. Ó tún ṣe ẹ̀rọ kan tó ń fa ìlà sórí bébà tó ń yí lọ díẹ̀díẹ̀. Gbogbo ìgbà tí eku bá tẹ irin, ìlà á gòkè díẹ̀. Tí eku bá ń tẹ̀ ẹ́ léraléra, ìlà á máa pọ́nkè lọ. Tó bá dáwọ́ dúró, ìlà á sùn gbalaja.

Nígbà tí Skinner padà dé, ó bá ìlà tí eku yẹn ti fà sílẹ̀. Oúnjẹ ti dáwọ́ dúró, eku ò dáwọ́ dúró. Ńṣe ló kọ́kọ́ ń tẹ irin náà kíkankíkan, bíi tiwa tá a bá ń tẹ rímóòtù tí bátìrì ẹ̀ ti kú. Ẹ̀yìn ìyẹn ló wá ń rọlẹ̀. Á tẹ̀ ẹ́, á sinmi, á tún rántí, á tún lọ tẹ̀ ẹ́. Ìsinmi ẹ̀ ń gùn sí i, títí ìlà fi sùn. Pavlov ti rí ohun tó jọ ọ́ lára ajá ní Rọ́ṣíà: tí àmì oúnjẹ bá ń wá tí oúnjẹ fúnra ẹ̀ ò tẹ̀ lé e, itọ́ ajá á máa dín kù. Ṣùgbọ́n itọ́ kàn ń dà ni. Eku yìí, ọwọ́ ara ẹ̀ ló ń fi ṣiṣẹ́ fún oúnjẹ. Extinction ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè é. Ẹ jẹ́ ká pè é ní pípaná ìwà.

Ọjọ́ Fúráìdé ni, kò sì sẹ́nì kankan nílé ìwádìí tó lè ròyìn fún. Skinner sọ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún pé jálẹ̀ òpin ọ̀sẹ̀ yẹn, tóun bá fẹ́ sọdá títì, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni, kí mọ́tò má lọ pa òun kóun tó sọ ohun tóun rí.

Bẹ́ ẹ bá wá gbé eku tíná ìwà ẹ̀ ti kú yìí padà sínú àpótí lọ́jọ́ kejì, tí oúnjẹ ò sí síbẹ̀ náà, á tún bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ irin. Kò ní pọ̀ tó ti àná, ṣùgbọ́n á tẹ̀ ẹ́. Ohun tó ti kọ́ kò parẹ́. Abẹ́ eérú ló wà. Mark Bouton ní Vermont ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣèwádìí ọ̀rọ̀ yìí: tí wọ́n bá paná ìwà eku nínú àpótí mìíràn, tí wọ́n wá gbé e padà sí èyí tó ti kọ́ ọ, ìwà náà á tún yọjú.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tó jẹ́ pé àìtó nǹkan ló bí i. Skinner fúnra ẹ̀ ló ń ṣe hóró oúnjẹ, pẹ̀lú ẹ̀rọ tí àwọn apòògùn fi ń ṣe oògùn oníhóró. Eku mẹ́jọ, ọgọ́rùn-ún hóró fún ọ̀kọ̀ọ̀kan lójúmọ́. Ní Sátidé kan, ó ṣírò ó, ó rí i pé tóun ò bá jókòó ti ẹ̀rọ yẹn títí alẹ́, oúnjẹ á tán láàárọ̀ Mọ́ńdè. Ó sì ti sú u. Ó wá pinnu pé ẹ̀ẹ̀kan péré ní ìṣẹ́jú kan lóun á máa sanwó iṣẹ́ fún eku, iye ìgbà yòówù kó tẹ irin. Àwọn eku ò daṣẹ́ sílẹ̀. Nígbà tí oúnjẹ wá dáwọ́ dúró pátápátá, àwọn tó ń rí i lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan yìí ló pẹ́ jù kí wọ́n tó jáwọ́. Ẹni tó ń rí i nígbà gbogbo tètè mọ̀ pé ó ti tán. Ẹni tí kì í rí i nígbà gbogbo, báwo ló ṣe fẹ́ mọ̀?

Ìyà ńkọ́? Ìyẹn náà wà nínú ìwé tó gbé jáde ní 1938, The Behavior of Organisms. Ó dá oúnjẹ dúró fún ọ̀wọ́ eku méjì. Nígbà tí ọ̀wọ́ kan bá tẹ irin, irin á gbá wọn lọ́wọ́, fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́. Wọ́n jáwọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí gbígbá dúró, wọ́n padà sídìí ẹ̀. Kó tó di òpin ọjọ́ kejì, iye ìgbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti àwọn tí wọn ò fọwọ́ kàn dọ́gba.

Èèyàn kì í ṣe eku, mo mọ̀. Àmọ́ àbúrò mi ọkùnrin ń ta tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù. Nígbà tí Bàbá wa gbọ́, wọ́n gbá a létí, wọ́n gba fóònù lọ́wọ́ ẹ̀, ó sì dákẹ́ fún nǹkan bí oṣù mẹ́ta. Gbogbo wa rò pé ó ti parí. Ó wá padà sádùúgbò tó ń gbé tẹ́lẹ̀, níbi tí ṣọ́ọ̀bù tẹ́tẹ́ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé. Ní Sátidé tó kọjá ló pè mí pé òun jẹ ẹgbẹ̀rún mẹ́ta náírà. Mo bi í pé ìgbà wo ló ti jẹ kẹ́yìn. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n fìyẹn sílẹ̀ ná, ṣé mo gbọ́ pé òun jẹ.