Ẹnu Ọ̀nà Winter Hill àti Òfin Ogún Ọdún

Ní ọjọ́ Ìsinmi, ọjọ́ kẹfà oṣù kẹsàn-án ọdún 1896, nígbà tí ẹ̀rọ àwọn ilé iṣẹ́ òwú ìlú Bolton ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti dákẹ́ fún ìsinmi, àwọn òṣìṣẹ́ kó ara wọn jọ ní òpópó Halliwell, wọ́n kọjú sí òkè tí à ń pè ní Winter Hill, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Bí wọ́n ti ń lọ ni èrò ń kún wọn, bí odò ńlá tí àwọn ìṣàn kéékèèké ń ya wọ̀ lọ́nà, títí tí a fi fojú bù wọ́n tó 10,000 ènìyàn. Kì í ṣe ogun ni wọ́n ń lọ jà. Ọ̀nà ni wọ́n ń lọ rìn, ọ̀nà tí ẹsẹ̀ wọn àti ẹsẹ̀ àwọn òbí wọn ti mọ̀, kí ẹnì kan tó fi géètì dí i, tí ó sì kan pátákó síbẹ̀ pé ẹni tí ó bá kọjá yóò fi ojú ba ilé ẹjọ́.

Ẹni náà ni Kọ́nẹ́ẹ̀lì Richard Henry Ainsworth, olówó tí ó ni ilé ńlá Smithills, ọmọ ìdílé tí ó fi iṣẹ́ fífọ aṣọ di funfun báláú kó ọrọ̀ jọ. Kọ́nẹ́ẹ̀lì fẹ́ràn ọdẹ ṣíṣe, ẹyẹ kan tí ó fara jọ àparò sì ń gbé inú koríko orí òkè náà. Òun kò fẹ́ kí ẹsẹ̀ ẹlẹ́sẹ̀ máa dẹ́rù ba ẹyẹ náà. Ilẹ̀ jẹ́ tirẹ̀, ìwé ilẹ̀ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀; n kò bá a jiyàn ìyẹn. Ohun tí ó dá ìjà sílẹ̀ ni pé àwọn ará Bolton gbà pé ọ̀tọ̀ ni ilẹ̀, ọ̀tọ̀ ni ọ̀nà tí ó gba orí rẹ̀ kọjá, àti pé ẹni tí ó ra igbó kò ra ìrìn ẹsẹ̀ àwọn ènìyàn mọ́ ọn.

Joseph Shufflebotham àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, àwọn sósíálísì ìlú náà, ni wọ́n pe ìpè. Solomon Partington, akọ̀ròyìn, sì dúró tì wọ́n gbágbáágbá. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Nígbà tí wọ́n dé ẹnu géètì ní Coalpit Road, wọ́n bá àwọn ọlọ́pàá àti àwọn ọdẹ tí ń ṣọ́ igbó níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba díẹ̀ ni wọ́n, kí ni ọ̀bẹ ìgéṣu yóò fi igi ìrókò ṣe? Wọ́n fọ́ géètì náà, wọ́n gun òkè, wọ́n sì sọ̀ kalẹ̀ sí abúlé Belmont ní ìhà kejì. Ní ọjọ́ Ìsinmi tí ó tẹ̀ lé e, èrò tún pọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ, Allen Clarke tí ó máa ń fi èdè ìbílẹ̀ Lancashire kọ̀wé sì ṣe orin nítorí ìrìn náà.

Kọ́nẹ́ẹ̀lì kò fi ọ̀pá dá wọn lóhùn, ìwé ìpẹ̀jọ́ ni ó fi ránṣẹ́ sí àwọn aṣíwájú wọn. Nígbà tí ẹjọ́ dé iwájú adájọ́ ní ọdún 1897, àwọn ẹlẹ́rìí dìde tí wọ́n ní àwọn mọ ọ̀nà náà, àwọn sì ti ń gbà á kọjá láìsí ẹni tí ó dá àwọn dúró. Síbẹ̀, Kọ́nẹ́ẹ̀lì ni ó jàre. Owó ẹjọ́ wọ àwọn olórí ìrìn náà lọ́rùn, ọ̀nà sì tún di èèwọ̀ fún ará ìlú.

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ ṣe ṣòro tó láyé ìgbà náà gbọ́dọ̀ mọ̀ pé òfin àtijọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò gbà pé ìrìn nìkan ni ó ń sọ ọ̀nà di ti gbogbo ènìyàn. Onílẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ yọ̀ǹda ọ̀nà fún ará ìlú, tí ará ìlú yóò sì fi ẹsẹ̀ gbà á. Bí ìyọ̀ǹda náà kò bá sí nínú ìwé, a lè ti inú ìrìn ọlọ́jọ́ pípẹ́ mọ̀ pé ó ti wà rí. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ilẹ̀ àwọn ọlọ́lá ni a ti fi ìwé ogún dè, tí ẹni tí ó wà nídìí rẹ̀ kò fi ní agbára láti fi ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan tọrẹ. Bí agbẹjọ́rò bá ti lè fi èyí hàn, òkìtì ẹ̀rí àwọn àgbà di ìyẹ̀fun lójú afẹ́fẹ́. Ó máa ń dùn mí bí mo bá rò ó: àgbàlagbà tí ó ti gba ọ̀nà kan kọjá láti ìgbà tí ó ti wà lọ́mọdé dúró níwájú ilé ẹjọ́ sọ òtítọ́ ayé rẹ̀, a sì fi ìwé ìdílé ẹlòmíràn dá a lóhùn.

Àwọn tí ọ̀rọ̀ náà ká lára kò jẹ́ kí ó sùn. Wọ́n ń gbé àbá lọ sí ilé aṣòfin léraléra, títí tí òfin ẹ̀tọ́ ọ̀nà fi jáde ní ọdún 1932, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1934. Ní ọdún 1932 kan náà ni àwọn ọ̀dọ́ bí irínwó gun òkè Kinder Scout pẹ̀lú Benny Rothman tí ó ṣáájú wọn, tí a sì sọ márùn-ún nínú wọn sẹ́wọ̀n; ṣùgbọ́n ìjà àtirìn káàkiri níbi tí kò sí ọ̀nà ni tiwọn, kò sì yẹ kí a pa méjèèjì pọ̀. Ohun tí òfin tuntun sọ ni pé bí ará ìlú bá ti rin ọ̀nà kan gẹ́gẹ́ bí ẹ̀tọ́ fún ogún ọdún gbáko láìsí ìdíwọ́, a ó kà á sí pé onílẹ̀ ti yọ̀ǹda rẹ̀, àfi bí ó bá lè fi hàn pé òun kò ní irú èrò bẹ́ẹ̀ lọ́kàn.

Ogún ọdún! Àwọn baba wa tí kò mọ ibi tí Bolton wà wí pé bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Wọ́n sì tún wí pé ogún ọdún ń bọ̀ wá ku ọ̀la. Ọ̀nà tí òfin fi ń ka ogún ọdún yìí ni ó wù mí jù. Ẹ̀yìn ni a ti ń kà á. Ọjọ́ tí onílẹ̀ bá ti ọ̀nà pa, tàbí tí ó bá kan pátákó mọ́ ọn, ni ọjọ́ tí a ó dúró lé, a ó wá máa ka ọdún padà sẹ́yìn títí yóò fi pé ogún. Nítorí náà, géètì tí a fi dí ọ̀nà ni ó ń pe àwọn ẹlẹ́rìí jáde, bí ẹni ju òkúta lu ilé oyin.

Ohun mẹ́ta ni ìrìn náà kò gbọdọ̀ jẹ́: kò gbọdọ̀ jẹ́ ti ipá, kò gbọdọ̀ jẹ́ ti ìkọ̀kọ̀, kò sì gbọdọ̀ jẹ́ ti ìyọ̀ǹda tí a tọrọ. Ti ipá yé ọmọdé. Ti ìyọ̀ǹda ni ó ṣòro fún ọmọ Yorùbá láti gbé mì, nítorí ẹni tí a kọ́ nílé yóò kí onílẹ̀ kí ó tó kọjá, yóò sì tọrọ gáfárà. Ṣùgbọ́n lójú òfin yìí, ẹni tí ó tọrọ àyè ti jẹ́wọ́ pé òun kò ní ẹ̀tọ́, ogún ọdún ìrìn rẹ̀ kò sì tó ohun tí a lè fi gba ọ̀nà. Ẹni tí ó kọjá láì bẹ ẹnikẹ́ni, lójú ọ̀sán, pẹ̀lú agbọ̀n rẹ̀ tàbí ajá rẹ̀, ni ó ń kọ ìwé tí kóòtù lè kà. Èyí túmọ̀ sí pé kì í ṣe 10,000 ènìyàn tí ó fọ́ géètì ni ó lè sọ ọ̀nà Winter Hill di ti gbogbogbòò; ipá ni tiwọn, ọjọ́ kan sì ni. Ẹni tí ó dá gba ibẹ̀ kọjá ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, tí ẹnikẹ́ni kò kọ orin fún, ni òfin ń wá.

Àwọn onílẹ̀ náà gbọ́n. Àwọn mìíràn ń ti ọ̀nà wọn ní ọjọ́ kan ṣoṣo lọ́dún, kí ó lè hàn pé àwọn kò fi í sílẹ̀. Àwọn mìíràn kọ ìwé, wọ́n ya àwòrán ilẹ̀ mọ́ ọn, wọ́n sì fi í sí ọwọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Èmi kò rí ẹ̀bi nínú ìyẹn, nítorí ó sàn kí onílẹ̀ sọ̀rọ̀ síta ju kí ó fi èrò rẹ̀ pamọ́ sínú àpótí. Ní ọdún 2007, ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ wí pé ohun tí onílẹ̀ kò jẹ́ kí ará ìlú mọ̀ kò lè gbà á sílẹ̀.

Òfin ọdún 1949 pàṣẹ kí a ya àwòrán gbogbo ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ ní England àti Wales, ìgbìmọ̀ àwọn abúlé sì rìn wọ́n wò. Òfin ọdún 1980 ni ó gbé ogún ọdún náà ró títí dòní, tí ará abúlé sì ń kún ìwé ìbéèrè: láti ọdún wo ni o ti ń gbà á? Ẹ̀ẹ̀melòó lọ́sẹ̀? Níbo ni ò ń lọ? Ta ni ó dá ọ dúró rí? Gbogbo rẹ̀ kò jìnnà sí ohun tí àwọn ẹlẹ́rìí Bolton ti dáhùn ní ọdún 1897.

Ní ọdún 1938, ìlú Bolton ra Smithills. Òkúta ìrántí kan wà létí Coalpit Road báyìí, níbi tí géètì wà ní ọjọ́sí, àwọn ẹlẹ́sẹ̀ sì ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá lọ sí Belmont.