Ìjàpá Nínú Agbádá

Ọkọ̀ ayé Ọba Jọ́ọ̀jì ni àwọn ará Ìlọrà ń pe ọkọ̀ mi. Ẹni méjì péré ló ń gbà, tapólì ni òrùlé rẹ̀, ìrísí rẹ̀ sì jẹ́ ti MG TD tí wọ́n ṣe ní Abingdon, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, títí di 1953. Ṣùgbọ́n kò sí rédíétọ̀ lẹ́yìn irin dídán tó wà níwájú rẹ̀. Ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnì wà, atẹ́gùn ló sì ń tù ú: Volkswagen tí a mọ̀ sí Ìjàpá ni.

Ìwádìí mi gbé mi dé Brazil. Lafer, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe àga, ló ṣe irú rẹ̀ láti 1974 sí 1990, ara fáíbà lórí ṣasí Ìjàpá. Ìdí nìyí tí mẹkáníìkì mi ní Fìdítì fi ń tún un ṣe láìwo ìwé. Ní 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to Ìjàpá pọ̀ ní Èkó.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní ayédèrú ni. N kò gbà. Ṣé ayédèrú ni bọ́lẹ̀kájà tó ń kó àwọn baba wa láti Ọ̀yọ́ lọ sí Ìbàdàn? Ṣasí àti ẹ́ńjìnì Bedford ni wọ́n kó wá láti òkè òkun. Àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà wa ló fi pákó kan ìyókù, bí àwọn alága Brazil ti fi fáíbà ṣe tiwọn. Orúkọ Lafer wà lára ọkọ̀ mi. Àwọn àgbà tí mo bi léèrè ní Fìdítì rántí ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ síwájú bọ́lẹ̀kájà. Orúkọ ẹni tó kan pákó ni mo ṣì ń wá.