Àwọn Tó Ń Fìfẹ́ Ṣọ́ Ìṣẹ́jú-àáyá

Aago ọwọ́ tí ọ̀pọ̀ wa ń lò lè sáré tàbí kí ó fà sẹ́yìn ní ìṣẹ́jú-àáyá 15 láàárín oṣù kan, kò sì sí ẹni tí yóò torí ìyẹn sọ ọ́ nù. Ṣùgbọ́n ó ti tó 300 ọdún tí àwọn kan ti wà láyé tí irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ kì í jẹ́ kí wọ́n sùn. Iṣẹ́ aago kọ́ ni púpọ̀ nínú wọn fi ń jẹun. Káfíńtà wà nínú wọn, ẹnjiníà rélùwéè wà níbẹ̀, onímọ̀ ìṣirò àti awalẹ̀pìtàn náà kò gbẹ́yìn. Ohun tí wọ́n ń wá ni aago tí kò ní ṣì. Bí ó bá sì máa ṣì, kí wọ́n mọ iye tó fi ṣì àti ohun tó fà á. Lójú tèmi, wíwá ìdí àṣìṣe yìí ló gbé iṣẹ́ wọn ga ju eré ọwọ́dilẹ̀ lọ, nítorí ẹni tó bá mọ bí aago òun ṣe ń ṣì ti mọ nǹkan nípa ooru, nípa afẹ́fẹ́, nípa òṣùpá, àti nípa ayé tí a ń gbé fúnra rẹ̀.

Ọ̀dọ̀ John Harrison ló yẹ kí ìtàn wọn ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n bí i ní 1693 ní Yorkshire, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Iṣẹ́ káfíńtà ni bàbá rẹ̀ ń ṣe, òun náà ló sì kọ́. Kò kọ́ṣẹ́ aago lọ́dọ̀ ọ̀gá kankan. Ní abúlé Barrow upon Humber, igi ni ó fi gbẹ́ àwọn kẹ̀kẹ́ eléyín inú aago rẹ̀. Níbi tí nǹkan ti máa ń fara gbo ara, ó fi lignum vitae sí i, igi líle kan tí òróró wà nínú ara rẹ̀. Epo tí àwọn aláago ìgbà náà ń kán sínú aago máa ń dì, aago a sì dẹwọ́. Aago Harrison kò nílò epo rárá.

Lẹ́yìn epo ló dojú kọ ooru. Irin máa ń gùn díẹ̀ bí ooru bá mú un, pẹ́ńdúlọ́ọ̀mù (ọ̀pá tó ń fì nínú aago) tó bá sì gùn kì í yára fì mọ́. Bí ooru bá fi ìwọ̀n Celsius kan ṣoṣo lé sí i, aago tó ní pẹ́ńdúlọ́ọ̀mù onírin yóò fi ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá fà sẹ́yìn lójúmọ́. Harrison to ọ̀pá idẹ àti ọ̀pá irin pọ̀ ní ọ̀nà tó jẹ́ pé bí irin bá ń gùn lọ sísàlẹ̀, idẹ á máa gùn lọ sókè, èkínní á sì pa iṣẹ́ èkejì rẹ́.

Ṣùgbọ́n aago kì í jẹ́rìí ara rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá aago òun ń ṣe déédéé gbọ́dọ̀ ní nǹkan mìíràn tí yóò fi wé e, Harrison kò sì ní rédíò, kò ní wáyà, kò sí ilé ìwo-ìràwọ̀ kankan nítòsí rẹ̀. Ojú fèrèsé ilé rẹ̀ ló dúró sí, ó sì ń wo ìràwọ̀ bí wọ́n ṣe ń wọ ẹ̀yìn ṣímíní aládùúgbò rẹ̀. Ìràwọ̀ kan náà máa ń fi ìṣẹ́jú 3 àti ìṣẹ́jú-àáyá 56 yá ju ti alẹ́ àná lọ. Bí aago rẹ̀ bá fún un ní iye yẹn gẹ́lẹ́, ó ṣe déédéé nìyẹn. Ọ̀nà yìí ló fi sọ pé aago òun kì í ṣì ju ìṣẹ́jú-àáyá kan lọ nínú oṣù. Aago ojú òkun tó parí ní 1759, tí wọ́n gbé lọ sí Jamaica ní 1761, ni ayé fi mọ̀ ọ́n jù, pẹ̀lú ìjà ọlọ́dún gbọọrọ lórí ẹ̀bùn £20,000 tí ìjọba ṣèlérí fún ẹni tó bá rí bí atukọ̀ ṣe lè mọ ibi tó wà lójú òkun. Ní tèmi o, ṣímíní yẹn ló wú mi lórí jù.

Ní 1906, ọkọ̀ ojú irin kan tó ń sáré dànù ní Salisbury, ẹ̀mí púpọ̀ sì bọ́. William Hamilton Shortt, ẹnjiníà rélùwéè, wà lára àwọn tó ṣe ìwádìí iye eré tí ọkọ̀ lè sá láìséwu níbi tí ojú irin bá ti ṣẹ́ kọ́nà. Kò sí bí a ṣe lè wọn eré láìwọn àkókò, bí Shortt ṣe kó sínú ọ̀ràn aago nìyẹn. Ní 1910 ó pàdé Frank Hope-Jones, ẹni tó ń ṣe aago oníná mànàmáná tó ń jẹ́ Synchronome, àwọn méjèèjì sì fi ọdún mẹ́wàá ó lé tọ ọ̀nà kan náà.

Ohun tí Shortt rí ni pé iṣẹ́ ló ń ba pẹ́ńdúlọ́ọ̀mù jẹ́. Bí a bá ní kí ó fì, kí ó tún máa ka iye ìgbà tó fì, kí ó sì máa yí ọwọ́ aago, gbogbo iṣẹ́ àfikún yìí ni yóò máa dí i lọ́wọ́. Ó wá pín iṣẹ́ náà fún aago méjì. Pẹ́ńdúlọ́ọ̀mù àgbà wà nínú àgbá tí wọ́n fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, kò sì ní iṣẹ́ kankan ju kí ó máa fì. Aago kejì ló ń kà, ló ń yí ọwọ́, ó sì ń mú kí àgbà rí ìtì fẹ́ẹ́rẹ́ gbà ní ìṣẹ́jú-àáyá 30 sí ara wọn kí ó má bàa dúró. Wọ́n gbé àkọ́kọ́ rẹ̀ kalẹ̀ ní ilé ìwo-ìràwọ̀ Edinburgh ní 1921. Àṣìṣe rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá kan lọ́dún, nǹkan bí 100 ni wọ́n sì ṣe kí àkókò rẹ̀ tó kọjá.

Hope-Jones yìí kan náà ni alága ẹgbẹ́ àwọn olùfẹ́ rédíò tí wọ́n dá sílẹ̀ ní London ní 1913, òun náà sì wà lára àwọn tó ń rọ BBC pé kí wọ́n máa fi ìró kúkúrú kéde àkókò. Ní ọjọ́ 5 oṣù kejì 1924, ìró mẹ́fà náà bẹ̀rẹ̀ láti Greenwich. Àwọn bàbá wa tó máa ń tẹ́tí sí BBC lórí ṣọ́ọ̀tì-wéèfù mọ̀ ọ́n dáadáa. Ọ̀pọ̀ wọn ló fi ń tún aago ọwọ́ wọn ṣe kí ìròyìn tó bẹ̀rẹ̀. Láti ìgbà náà, ìdílé kan ni olùfẹ́ aago àti olùfẹ́ rédíò ti jẹ́.

Òfin ló kọ́kọ́ ti àwọn olùfẹ́ rédíò, àwọn tí wọ́n ń pè ní ham, sínú ọ̀ràn fíríkúẹ́ńsì, ìyẹn iye ìgbà tí ìgbì ń mì láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ẹni tó bá yọ kúrò ní àyè tí ìjọba fún un yóò dí ẹlòmíràn lọ́wọ́. Òkúta quartz ni wọ́n fi di ara wọn mú. Bí iná mànàmáná bá kàn án, ó máa ń mì ní ìwọ̀n tí kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Ní 1927 ni Warren Marrison àti J. W. Horton fi irú òkúta yìí ṣe aago ní Bell Labs ní Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n àwọn ham kò dúró de ilé iṣẹ́ ńlá. Wọ́n ra òkúta tí wọ́n ti là pẹlẹbẹ, èyí tí ọ̀pọ̀ rẹ̀ ń ti Brazil wá, wọ́n sì ń fi ìyẹ̀fun líle àti omi gbo ó lórí gíláàsì. Bó ṣe ń fẹ́lẹ́ ni fíríkúẹ́ńsì rẹ̀ ń ga. Ẹni tó bá gbo ó kọjá ibi tó yẹ a fi lẹ́ẹ̀dì pẹ́ńsù kun ojú rẹ̀ kí ó lè wúwo díẹ̀, kí fíríkúẹ́ńsì rẹ̀ sì lọ sílẹ̀.

Láti 1923 ni rédíò WWV, ti ìjọba Amẹ́ríkà, ti ń gbé fíríkúẹ́ńsì tó dájú sáfẹ́fẹ́. Bí ham bá pa ìgbì tirẹ̀ pọ̀ mọ́ ti WWV, yóò gbọ́ ohùn tó ń lọ sókè sódò. Bí fíríkúẹ́ńsì méjèèjì ṣe ń sún mọ́ra ni ohùn náà ń falẹ̀. Bí ó bá ń ga lẹ́ẹ̀kan péré ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan lórí 10 MHz, ó ti sún mọ́ ọn dé ìdá kan nínú mílíọ̀nù mẹ́wàá. Etí lásán ni wọ́n fi ń ṣe èyí nínú yàrá ilé wọn. Wọ́n tún ń fi òkúta náà sínú ààrò kékeré tí ooru rẹ̀ kì í yí padà, nítorí ooru tó da Harrison láàmú kò fi wọ́n sílẹ̀.

Ní 1955 Louis Essen àti Jack Parry parí aago caesium ní Teddington, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1967 ayé fohùn ṣọ̀kan pé ìṣẹ́jú-àáyá kan ni àkókò tí ìgbì láti ara átọ́ọ̀mù caesium fi ń mì ní ìgbà 9,192,631,770. Kò sí ẹni tó rò pé aládàáni lè ní irú rẹ̀. Hewlett-Packard bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ní 1964, ṣùgbọ́n àwọn ológun, ilé ìwo-ìràwọ̀ àti ilé iṣẹ́ tẹlifóònù ni oníbàárà wọn.

Tòkunbọ̀ ló yí ọ̀ràn padà. Àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifóònù Starcomms, Multi-Links àti Visafone tí ọ̀pọ̀ wa lò ní Nàìjíríà, ìlànà tí wọ́n ń pè ní CDMA ni wọ́n lò, CDMA kò sì lè ṣiṣẹ́ bí gbogbo òpó rẹ̀ kò bá ní àkókò kan náà. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń fi ẹ̀rọ tó ń gba àkókò lára sátẹ́láìtì GPS, pẹ̀lú quartz inú ààrò, sí ìdí òpó. Bí ilé iṣẹ́ tẹlifóònù ṣe ń pààrọ̀ irinṣẹ́ kárí ayé, ẹ̀rọ bíi Thunderbolt ti Trimble, Z3801A ti Hewlett-Packard àti aago rubidium kéékèèké dé ọjà àlòkù ní owó táṣẹ́rẹ́. Àwọn caesium tí ilé ìwádìí kó dànù náà tẹ̀ lé wọn. Ẹni tó ní sùúrù àti irin ìjó wáyà lè wá ní ohun tí ìjọba nìkan ń ní tẹ́lẹ̀.

Àwọn kan kò dúró de àlòkù. Tom Clark, onímọ̀ ìràwọ̀ ní NASA tó tún jẹ́ ham, ṣe aago GPS olówó pọ́ọ́kú ní ẹ̀wádún 1990 kí àwọn awò-rédíò tó jìnnà síra lè ní àkókò kan náà. Ní oṣù keje 1998, Brooks Shera kọ sínú ìwé ìròyìn QST bí ẹnikẹ́ni ṣe lè fi GPS tọ́ quartz sọ́nà. Ọgbọ́n rẹ̀ tọ́ sí ìyìn. Àmì tó ń ti GPS wá ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan máa ń gbọ̀n, ṣùgbọ́n kì í ṣìnà bó ti wù kó pẹ́ tó. Quartz kì í gbọ̀n, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ló ń ṣìnà. Ẹ̀rọ Shera máa ń fi ọ̀pọ̀ ìṣẹ́jú wo ìyàtọ̀ àárín wọn kí ó tó rọra yí quartz padà. Ìjọba Amẹ́ríkà ṣì mọ̀ọ́mọ̀ ń da àṣìṣe sínú GPS tí aráàlú ń gbà nígbà yẹn; oṣù karùn-ún 2000 ni wọ́n tó dáwọ́ rẹ̀ dúró.

Ní 2005, olùfẹ́ aago kan, Tom Van Baak, kó aago caesium mẹ́ta àti àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́ta sínú ọkọ̀, ó sì wà wọ́n gun òkè Rainier ní ìpínlẹ̀ Washington. Einstein ti sọ pé bí a bá ṣe jìnnà sí ilẹ̀ tó ni àkókò ṣe ń yára tó. Wọ́n lò tó ọjọ́ méjì lókè, ní ibi tó ga ju 1,600 mítà lọ. Nígbà tí wọ́n padà délé tí ó fi wọ́n wé àwọn tó fi sílẹ̀, àwọn tó gun òkè ti fi nǹkan bí ìdá 22 nínú bílíọ̀nù ìṣẹ́jú-àáyá síwájú, bí ìṣirò ṣe sọ. Ìdílé náà lo àkókò pọ̀ díẹ̀ ju àwọn aládùúgbò wọn lọ. Bàbá kan fi irinṣẹ́ àlòkù han àwọn ọmọ rẹ̀ ní ohun tó jẹ́ pé ní 1971, ọkọ̀ òfuurufú tó yí ayé ká ni Hafele àti Keating fi wá a.

Ìfẹ́ pẹ́ńdúlọ́ọ̀mù kò sì kú. Ní 1984 Pierre Boucheron fi iná àti ẹ̀rọ tó ń rí i wo aago Shortt kan ní ilé ìwo-ìràwọ̀ ológun ojú omi Amẹ́ríkà, ó sì rí òòfà òṣùpá àti oòrùn nínú bó ṣe ń fì. Philip Woodward, onímọ̀ ìṣirò rédà, fọwọ́ ara rẹ̀ kan aago W5, ó sì kọ ìwé My Own Right Time nípa rẹ̀. E. T. Hall ti Oxford, ọ̀kan nínú àwọn tó tú àṣírí egungun ẹ̀tàn Piltdown ní 1953, gbé pẹ́ńdúlọ́ọ̀mù sínú àgbá aláìláfẹ́fẹ́ nílé rẹ̀ ní Littlemore ní ọjọ́ ogbó rẹ̀.

Iṣẹ́ Martin Burgess ló dùn mọ́ mi nínú jù. Harrison ti kọ ọ́ ní 1775 pé aago onípẹ́ńdúlọ́ọ̀mù tí wọ́n bá ṣe bí òun ṣe wí kò ní ṣì ju ìṣẹ́jú-àáyá kan lọ ní 100 ọjọ́. Wọ́n fi arúgbó náà ṣe yẹ̀yẹ́. Ní ẹ̀wádún 1970, Burgess bẹ̀rẹ̀ sí í kan aago méjì ní ìlànà Harrison, ẹlòmíràn ló sì bá a parí èkejì, èyí tí wọ́n ń pè ní Clock B. Wọ́n sé e mọ́ inú àpótí ní Greenwich, wọ́n lẹ èdìdì mọ́ ọn, wọ́n sì kà á fún 100 ọjọ́. Ìdá márùn-ún nínú mẹ́jọ ìṣẹ́jú-àáyá ló fi ṣì. Guinness kọ ọ́ sílẹ̀ ní 2015 pé kò sí aago onípẹ́ńdúlọ́ọ̀mù nínú afẹ́fẹ́ gbalasa tó tó o.

Àtúnṣe ló kù tó ń gba àkókò àwọn olùfẹ́ iṣẹ́ yìí jù. Caesium inú ọ̀pá aago caesium máa ń tán, ọ̀pá tuntun sì wọ́n bí ojú. Kódà aago tí wọn kò tàn gbọ́dọ̀ máa rí iná lóòrèkóòrè, kí ẹ̀rọ tó ń fa afẹ́fẹ́ inú ọ̀pá rẹ̀ lè ṣiṣẹ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò bàjẹ́ lórí ìjókòó. Fìtílà inú rubidium máa ń rẹ̀ dòdò. Àwọn kan mọ bí wọ́n ṣe ń fi ooru jí i. Wọ́n ń ya ìwé ìlànà tí ilé iṣẹ́ kò tẹ̀ mọ́ sórí kọ̀ǹpútà, wọ́n sì ń fún ara wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Aago rubidium 5065A ti Hewlett-Packard tó jáde ní ìparí ẹ̀wádún 1960 wà lára ohun tí wọ́n ń tún ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn kan nínú wọn sì ti ṣe é débi pé ó ń dúró déédéé ju ohun tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é ṣèlérí lọ.